Fóònù Oníbọ́tìnnì ní Ilẹ̀ Wọ́ọ̀fù: Bí Ẹ Ó Ṣe Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Nọ́ńbà kọ̀ǹténà ni ká fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dá àtàǹpàkò lágara jù ní Àpápá. Lẹ́tà mẹ́rin ló máa ń ṣáájú, òǹkà méje á sì tẹ̀lé e. Òǹkà tó kẹ́yìn níṣẹ́ tirẹ̀: láti ara mẹ́wàá tó ṣáájú ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè tètè mọ̀ pé ẹni tó tẹ nọ́ńbà náà ti ṣì í tẹ̀. Nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tún gùn jù bẹ́ẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni, lẹ́tà àti òǹkà dà lú ara wọn bí àdàlú, débi pé àwọn tó ṣètò rẹ̀ kò fi I, O àti Q sí i rárá, kí ojú má baà pè wọ́n ní 1 tàbí 0.

Ẹ̀jẹ́ǹtì tó ń gba ẹrù jáde lè tẹ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, lórí ìdúró, nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mì tìtì. Bí àtàǹpàkò bá yọ̀ lórí gíláàsì, tí B di V, ìwé ẹrù á dúró sójú kan, owó ìdúró kọ̀ǹténà á sì máa gorí ara wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò tún sí fóònù tí ọwọ́ ń mọ bọ́tìnnì rẹ̀ lára mọ́ ni?" Ó wà. Wọ́n ṣì ń ṣe é tuntun. Iṣẹ́ orí ìwé yìí ni láti bá yín wọ̀n ọ́n, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó yẹ iṣẹ́ ọwọ́ yín àti àdúgbò yín, ì báà jẹ́ Creek Road ní Àpápá ni ọ́fíìsì yín wà tàbí Boundary ní Ajégúnlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù yín wà.

Irin-iṣẹ́ ni mo ka fóònù sí níhìn-ín, bí àdá àgbẹ̀ tàbí àlùmọ́gàjí télọ̀. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe ni yóò sọ bóyá ó dáa.

Ohun tó ti kú, kó máa sinmi

Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni GSM dé ọ̀dọ̀ wa. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí fóònù tó ní bọ́tìnnì kíkún, láti Q dé M, fi gba ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó. Nokia E71 àti E63 dé ní 2008. Nígbà tí C3 jáde ní 2010, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rà á bí ẹni ra búrẹ́dì, torí owó rẹ̀ kò ga. Ṣùgbọ́n BlackBerry ni ọba. Curve àti Bold ni wọ́n ń gbé lọ sí ìnáwó, tí wọ́n á gbé e sórí tábìlì kí gbogbo ayé rí i, wọ́n á sì máa bi ara wọn pé, "Kí ni pin ẹ?"

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí àwọn fóònù wọ̀nyẹn fi kú, kí ẹnikẹ́ni má baà tà wọ́n fún yín lónìí. Dátà BlackBerry àtijọ́ kì í gba ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ti fóònù yòókù. Inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lókè òkun ló ń gbà kọjá, níbi tí wọ́n ti ń fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí BIS, ìyẹn dátà BlackBerry, fi tọ́jọ́ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìdí nìyẹn náà tí fóònù fi di òkú nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ náà. WhatsApp fi BlackBerry àtijọ́ sílẹ̀ ní ìparí 2017, ó fi Nokia irú C3 sílẹ̀ ní ìparí 2018. BBM, ibi tí wọ́n ti ń fi pin bá ara wọn sọ̀rọ̀, ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ènìyàn ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún 2019. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní 2022, ilé-iṣẹ́ BlackBerry dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí gbogbo fóònù tí kì í ṣe Android nínú ẹbí rẹ̀, ó sì kìlọ̀ pé ìpè lásán pàápàá lè má lọ lórí wọn mọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí Bold 5, Q10 tàbí Passport tó ń dán gbinrin lórí tábìlì, ẹ wò ó tán, kí ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ. Kò sí ẹnjiníà tó lè jí i.

Àwọn tó ṣì wà lọ́jà

Lẹ́yìn BlackBerry àtijọ́ ni TCL, ilé-iṣẹ́ ará Ṣáínà, gba orúkọ náà lò. Wọ́n ṣe KEYone ní 2017 àti KEY2 ní 2018, Android ni wọ́n fi sínú méjèèjì. Ojú wọn jẹ́ ínṣì 4.5, bọ́tìnnì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ibi ìtẹ̀ka sínú bọ́tìnnì gbọọrọ tó ń fi àlàfo sílẹ̀. Ọwọ́ mi ti tẹ̀ wọ́n, bọ́tìnnì wọn sì dùn ún tẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n àdéhùn TCL parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2020. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ OnwardMobility, ní Amẹ́ríkà, ṣèlérí pé òun máa gbé tuntun tó ní 5G jáde. Wọ́n palẹ̀ mọ́ ní oṣù Kejì 2022, wọn kò mú ẹyọ kan wá. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó ń rajà ni pé kò sí KEY2 kankan tó tún lè jẹ́ tuntun ní ti ọjọ́ orí, bó ti wù kí ọ̀rá páálí rẹ̀ máa dán tó. Android 8.1 ló dúró sí. Bátìrì rẹ̀ ti ń dàgbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, yálà ẹnikẹ́ni lò ó tàbí kò lò ó. KEYone tún ní àléébù tirẹ̀ tí ayé mọ̀ láti 2017: lẹ́ẹ̀ tó di ojú rẹ̀ mú kò le tó, ojú náà sì máa ń ṣí kúrò lára.

Tuntun tó dájú jù ni ti Unihertz, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà mìíràn. Titan àkọ́kọ́ wọn wúwo bí òkúta, nǹkan bí gíráàmù 303. Titan Pocket tẹ̀lé e ní 2021, ojú rẹ̀ kéré bíi ti páálí ìṣáná, Titan Slim sì jáde ní 2022. Titan 2, tó jáde ní 2025, ni èyí tí mo rò pé ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ojú rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin dọ́gba, ínṣì 4.5, ó ní 5G, bátìrì 5,050mAh, Android 15, ààyè ìpamọ́ 512GB. Iye rẹ̀ lókè òkun nígbà tó jáde jẹ́ nǹkan bí 400 dọ́là, kí ẹ tó san owó ìfiránṣẹ́ àti ti Kọ́sítọ́ọ̀mù. Àwọn ará Àpápá kò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn fún wọn.

Àwọn mìíràn wà. Clicks ń ta àpò oníbọ́tìnnì tí a ń kì bọ iPhone láti 2024. Minimal Phone ń lo ojú tó dà bí ìwé ìròyìn, tí kì í tàn yanran. Zinwa ń bọ́ inú BlackBerry Classic dà nù, ó sì ń fi inú tuntun tó jẹ́ Android sí i. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ ni mo fi irú wọ̀nyẹn sílẹ̀ fún. Ẹni tó ń fi fóònù wá oúnjẹ òòjọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ dán ohun tí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò rẹ̀ kò tíì tú wò rí.

Kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ máa fa ìlà kan sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi fóònù ránṣẹ́: ẹ pín in sí mẹ́ta, nọ́ńbà, gbólóhùn, àti ohùn. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe fo èyí. Mo ti rí àwọn tó ń ráhùn pé gíláàsì ń dà wọ́n láàmú, àmọ́ nígbà tí wọ́n kà á tán, ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ jù.

Ajégúnlẹ̀ gan-an ni ẹ ti máa rí i. Ìjọ̀, Ìlàjẹ, Urhobo, Íbò, Haúsá àti Yorùbá ló jọ ń gbé ojúlé kan náà níbẹ̀. Pijín ni wọ́n fi ń tajà fún ara wọn, ó sì rọrùn láti sọ ju kéèyàn kọ ọ́ lọ. Ìyá tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Boundary á tẹ àmì gbohùngbohùn mọ́lẹ̀, á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó parí. Bọ́tìnnì márùndínlógójì kò wúlò fún un. Owó rẹ̀ yóò wúlò jù bó bá fi ra bátìrì tó lágbára.

Bó bá jẹ́ nọ́ńbà ló pọ̀ jù nínú ìwé kékeré yín, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ohun méjì tí kò gba owó. Ẹ wọ inú ètò Gboard, àtẹ ìkọ̀wé orí gíláàsì, kí ẹ tan ìlà òǹkà, kó lè máa hàn lókè lẹ́tà nígbà gbogbo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ bí a ṣe ń fi Google Lens ya nọ́ńbà kọ̀ǹténà tàbí ti ṣásí, kí fóònù fúnra rẹ̀ kà á, kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú WhatsApp. Nígbà tí ọ̀dà bá ti ṣí lára irin tàbí tí ìpẹtà bá ti bò ó, ẹ máa fi ojú yín wò ó lẹ́ẹ̀kejì, torí Lens lè pe 8 ní B. Síbẹ̀ ó yá ju àtàǹpàkò ẹnikẹ́ni lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé nọ́ńbà nìkan kò tó ìdí láti ra fóònù oníbọ́tìnnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà ló mú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Gbólóhùn ló tó ìdí. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà gígùn sí oníbàárà, tó ń ṣàlàyé fún ọ̀gá ọkọ̀ ní Kánò ìdí tí ẹrù kò fi jáde, akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, oníròyìn, pásítọ̀ tàbí ààfáà tó ń kọ wàásù rẹ̀ sínú fóònù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ: àwọn wọ̀nyí ni bọ́tìnnì lè tù lára. Ìka wọn á mọ ibi tí lẹ́tà wà láìwò ó, ojú wọn á sì ráyè wo ohun tí wọ́n ń kọ.

Lẹ́tà Yorùbá: ibi tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń ṣubú

Mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, torí kò sí olùtajà tó máa sọ ọ́ fún yín.

Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sórí fóònù náà kí ẹ tó fa owó yọ: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ìyá tó ní tírélà, tó bá kọ "oko mi ti de" sí awakọ̀ rẹ̀, lè jẹ́ pé ọkọ tó fẹ́ ẹ ni, ó sì lè jẹ́ mọ́tò. Àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ ló ń ya wọ́n sọ́tọ̀. Fóònù tí kò lè kọ wọ́n kò tíì mọ èdè yín.

Ìṣòro rẹ̀ nìyí. Nínú ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ àti ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀, kó tó wá gbé àmì ohùn lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ohun kejì. Faransé àti Potogí kò nílò irú rẹ̀. Nítorí náà, fóònù oníbọ́tìnnì tí wọ́n ṣe pẹ̀lú èrò àwọn ará Yúróòpù lè fún yín ní é àti è lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá di bọ́tìnnì E mú pẹ́, kó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá ń wá ẹ. Gboard lórí gíláàsì mọ Yorùbá. Ibi tí ìṣòro wà ni pé bí bọ́tìnnì gidi bá ti wà lára fóònù, àtẹ orí gíláàsì máa ń fara pa mọ́.

Ohun tí ẹ ó ṣe ní ṣọ́ọ̀bù nìyí. Ẹ ṣí WhatsApp tàbí ibi ìkọ̀wé èyíkéyìí, kí ẹ di bọ́tìnnì O mú, kí ẹ wo ohun tó máa yọ. Bí ọ kò bá yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì àmì, kí ẹ wò bóyá ó fara pa mọ́ síbẹ̀. Bí kò bá tún sí, ẹ wọ inú ètò Android, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa àtẹ gidi, kí ẹ tan èyí tó ní kí àtẹ orí gíláàsì máa hàn pẹ̀lú bọ́tìnnì. Ẹ lè máa fi bọ́tìnnì tẹ lẹ́tà lásán, kí ẹ fi gíláàsì tẹ alámì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lórí ojú onígun mẹ́rin kékeré, àtẹ gíláàsì á gba ìdajì ààyè, ohun tí ẹ ń kọ á sì há sókè. Fún mi, bí mo bá ní láti máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo gbólóhùn, a jẹ́ pé bọ́tìnnì náà ti pàdánù ìdí tí mo fi fẹ́ rà á.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ tún wà níbẹ̀, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó bá ń ránṣẹ́ sí àwọn awakọ̀, torí púpọ̀ nínú wọn ṣì ń lo fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí kò ní WhatsApp. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba àmì 160. Bí ẹ bá fi ẹyọ lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní àmì ìsàlẹ̀ sí i, gbogbo rẹ̀ á yí padà, á wá di àmì 70 péré. Ohun tí ẹ̀ ń kọ ní ẹyọ kan á di méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ náà á sì tẹ̀lé e. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé à, è, ì, ò àti ù kì í dín 160 náà kù, é náà kì í dín in kù, ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú máa ń dín in kù. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù awakọ̀ tó ti gbó lè fi àpótí kékeré rọ́pò lẹ́tà tí kò mọ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tọ́jú àmì pípé fún WhatsApp àti fún ohun tí ẹ máa tẹ̀ sínú ìwé. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́ sí awakọ̀, ẹ yan ọ̀rọ̀ tí kò lè pín sí méjì: ẹ kọ "tirela" dípò "oko", ẹ kọ "di aaro ola" dípò "ola" nìkan.

Netiwọ́ọ̀kì, báǹkì àti Ètò

Níbí, ẹ yá ara. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí tàbí ìwé inú rẹ̀ fún bándì 4G: 3, 7, 20 àti 28 ni ẹ̀ ń wá. Fún 5G, n78 ni. MTN bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Airtel tẹ̀lé e ní oṣù Kẹfà 2023. Fóònù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà nìkan lè máà ní púpọ̀ nínú wọn, tí á wá máa fi 3G rọra rìn láàárín Wharf Road. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà tó yọ wé ti ara páálí. Ẹ béèrè bóyá ó ń gba síìmù méjì. KEY2 tó ń gba méjì wà, èyí tó ń gba ẹyọ kan náà wà, ojú wọn sì jọra.

Áàpù báǹkì ni ẹ ó ṣí lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ lọ títí dé ojú ewé ìfowóránṣẹ́. Áàpù tí wọ́n ṣe fún ojú gígùn lè fi bọ́tìnnì ìkẹyìn pa mọ́ sísàlẹ̀ lórí ojú onígun mẹ́rin, kí ẹ má sì rí ibi tí ẹ ó tẹ̀. Lórí KEY2, ewu mìíràn ni pé Android 8.1 ti gbó: lọ́jọ́ tí báǹkì yín bá ní òun kò gba irú rẹ̀ mọ́, kò sí àtúnṣe tó ń bọ̀ láti ibikíbi. Fóònù tí kò rí àtúnṣe ààbò gbà mọ́ kọ́ ni ó yẹ kó gbé owó iṣẹ́ ènìyàn.

Àwọn onítírélà yóò tún wo Ètò, ìlànà ìpè ọkọ̀ orí ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2021 ni Àjọ Èbúté Nàìjíríà ti ń fi í pe ọkọ̀ wọ pọ́ọ̀tù, kí tírélà má baà máa sùn lórí afárá bíi ti àtijọ́. Inú mi dùn pé orúkọ Yorùbá ni wọ́n fún un. Ẹ rí i dájú pé ìwé ìpè náà ń hàn pátá lójú fóònù tuntun yín, tí kò gé létí, torí ẹni tó wà ní géètì kò ní dúró kí ẹ máa fa ojú fóònù sókè sódò.

Ta ni yóò tún un ṣe?

Ìbéèrè yìí ni mo fojú fò nígbà kan, mo sì jẹ̀bi rẹ̀. Mo ra fóònù oníbọ́tìnnì tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò lò ó ju oṣù mẹ́fà lọ. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ dára. Nígbà tí òjò oṣù Kẹfà dé, tí omi gba títì ní Ajégúnlẹ̀ tí gbogbo wa ń ká ṣòkòtò, bọ́tìnnì àlàfo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó di pé gbogbo ọ̀rọ̀ mi ń so kọ́ra bí ọṣẹ tó yọ́. Mo gbé e lọ sí Boundary. Ẹnjiníà náà mọṣẹ́, ó tú u, ó fi búrọ́ọ̀ṣì nu inú rẹ̀, ó sì sọ òótọ́ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní páàtì ẹ̀. Àfi ká rí ẹni tí irú ẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ká yọ tiẹ̀." A wá a dé Computer Village ní Ìkẹjà. A kò rí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi yá fóònù àbúrò mi lò, àwọn oníbàárà sì rò pé mo ti sá lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ní òfin kan. Kí n tó ra fóònù, màá kọ́kọ́ lọ bá ẹnjiníà tí mo mọ̀, màá sọ orúkọ fóònù náà fún un, màá sì béèrè ohun mẹ́ta: ojú rẹ̀, bátìrì rẹ̀, ibi tí ṣájà ń wọ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, mo ti gbọ́. Tecno, Infinix àti Samsung olówó kékeré, ibi márùn-ún ni ẹ ti máa rí páàtì wọn kí ẹ tó rìn dé òpin Ojo Road. Ti Titan 2, ẹ ní láti pàṣẹ rẹ̀ láti òkè òkun, kí ẹ sì dúró.

Iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun àti eruku tírélà tún wà. Ààyè tó wà láàárín bọ́tìnnì kan sí èkejì jẹ́ ibùgbé fún wọn. Ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kíkùn èékánná tó gbẹ, tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò, nù ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ. Itọ́ ń wọlé. Titan àkọ́kọ́ ní ìwé-ẹ̀rí IP67 tó dáàbò bò ó lọ́wọ́ omi, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé gbogbo ẹbí rẹ̀ jogún rẹ̀. Bọ́tìnnì ní àǹfààní kan nínú òjò tí mo gbọ́dọ̀ sọ: gíláàsì tí omi bá kán sí á máa tẹ ara rẹ̀, á máa pe ẹni tí ẹ kò pè, bọ́tìnnì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó tutù, ọwọ́ tó kún fún gíríìsì, ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́, gbogbo wọn ló lè tẹ̀ ẹ́.

Bó bá ṣì ń wù yín lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè tọ́ ọ wò láìná owó ńlá. Ẹ ra kíbọ́ọ̀dù Bluetooth kékeré ní Alaba, irú èyí tó ń wọ àpò, kí ẹ so ó mọ́ fóònù tí ẹ ní lọ́wọ́. Ẹ fi kọ ohun gbogbo tí ẹ bá ń kọ lórí ìjókòó fún oṣù kan. Bí ó bá di ọjọ́ kẹwàá tí ẹ ti gbàgbé rẹ̀ sínú dúrọ́à, ẹ ti mọ èsì. Bí ẹ kò bá lè jáde láìmú un dání, ẹ ti mọ èsì náà.

Ibi tí mo dúró sí rèé. KEY2 tòkunbọ̀, mi ò ní rà á, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni rà á fún iṣẹ́, bó ti wù kí bọ́tìnnì rẹ̀ dùn tó. Titan 2 dára fún ẹni tí ìwé kíkọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí lẹ́tà Yorùbá rẹ̀ ti jáde lójú rẹ̀ nígbà tó dán an wò, tó sì ní fóònù kejì nílé tó lè dìde dúró lọ́jọ́ tí èyí bá ṣàìsàn. Ẹni tó ní fóònù kan ṣoṣo, tí owó, oníbàárà àti ìwé ìpè tírélà rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kó lọ ra olójú gíláàsì tí Boundary lè tún ṣe láàárín wákàtí kan.